Òṣùpá kan ṣoṣo, kí ló dé tí òkun fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Ọmọ_Ìwé
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Ọmọ mi ló bi mí, ìdáhùn tí mo rí nínú ìwé rẹ̀ kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àkọ́kọ́: ìwé náà ní òṣùpá ló ń fa omi òkun tó fi ń kún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òṣùpá ń kọjá lórí wa láàárín ọjọ́ kan, òkun sì ń kún lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń fa ìkejì?

Ìkejì: wọ́n ní Ayé máa ń sún mọ́ oòrùn nígbà kan, ó sì máa ń jìnnà sí i nígbà mìíràn. Ṣé ohun tó ń mú ìgbà ooru àti ìgbà òtútù wá nìyẹn?

Awòràwọ̀
Ẹ jẹ́ kí n mú ìkejì, torí òun ló rọrùn. Rárá o. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni Ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ló máa ń jìnnà jù, ní mílíọ̀nù 152. Tó bá jẹ́ pé sísúnmọ́ ló ń mú ooru wá ni, oṣù Kìíní ni ibi gbogbo ìbá máa gbóná jù. Bẹ́ẹ̀, oṣù Kìíní náà ni yìnyín ń bo Kánádà àti Rọ́ṣíà, tí ooru sì ń mú ní Ọsirélíà.

Ohun tó fà á ni pé Ayé kò dúró ṣánṣán bó ṣe ń yí. Ó dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 23.4, apá ibì kan náà ló sì ń dagẹ̀rẹ̀ sí jálẹ̀ ọdún. Bó bá wà ní apá kan oòrùn, ìdajì ti àríwá ló tẹrí sí oòrùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó di ti gúúsù. Ìdajì tó bá tẹrí sí oòrùn, oòrùn á ga lójú ọ̀run níbẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ á máa bọ́ sí ilẹ̀ tààrà, ojúmọ́ á sì gùn. Ní agbedeméjì ayé, ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kó kúrú, nítorí náà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń mọ ìgbà níbẹ̀. Òjò yẹn náà, ìdagẹ̀rẹ̀ Ayé ló ń darí rẹ̀: ìkùukùu òjò tó yí Ayé ká bí ìgbànú ń bá oòrùn lọ sí àríwá, ó sì ń bá a padà sí gúúsù lọ́dọọdún.

Tíṣà_Físíìsì
Ẹ káre, Awòràwọ̀. Èmi á mú àkọ́kọ́, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, torí ìbéèrè yẹn ti mu àwọn ọlọ́gbọ́n lómi. Galileo gan-an kọ̀ láti gbà pé òṣùpá lọ́wọ́ sí i. Ó ní bí Ayé ṣe ń yí tó tún ń rìn ló ń mi omi òkun. Newton ló wá là á yé wa nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1687.

Kókó ibẹ̀ nìyí. Kì í ṣe bí òṣùpá ṣe ń fà tó ni ká máa wò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bó ṣe ń fa ibì kan àti bó ṣe ń fa ibòmíràn ni. Òṣùpá ń fa gbogbo Ayé, àti omi àti ilẹ̀. Omi tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn ju àárín Ayé lọ, nítorí náà ó ń fa omi yẹn ju bó ṣe ń fa àárín Ayé. Àárín Ayé pẹ̀lú sún mọ́ ọn ju omi tó wà ní òdì kejì lọ, nítorí náà ó ń fa àárín Ayé ju bó ṣe ń fa omi ẹ̀yìn yẹn. Ẹ fojú inú wo àwọn mẹ́ta tó ń sáré tẹ̀ léra: ti iwájú yára jù, ti ẹ̀yìn ló falẹ̀ jù. Lójú ẹni tó wà láàárín, ẹni iwájú ń jìnnà sí òun, ẹni ẹ̀yìn náà ń jìnnà sí òun. Bí omi ṣe wú níwájú nìyẹn, tó sì wú lẹ́yìn. Ayé wá ń yí lábẹ́ wíwú méjèèjì, etíkun kan náà á sì gba abẹ́ méjèèjì kọjá láàárín ọjọ́ kan.

Àbẹ̀kẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó ń fa ìkejì. Òṣùpá kan náà ni.

Ẹ̀rí pé ìyàtọ̀ ló ṣe pàtàkì ni oòrùn. Agbára tí oòrùn fi ń fa Ayé tó nǹkan bí ìlọ́po 180 ti òṣùpá. Síbẹ̀, wíwú tí oòrùn ń fà lójú òkun kò tó ìdajì èyí tí òṣùpá ń fà. Oòrùn jìnnà débi pé iwájú Ayé àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà sí i. Òṣùpá kò jìnnà sí wa ju nǹkan bí 384,400 kìlómítà lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn hàn sí i dáadáa. Bí òṣùpá àti oòrùn bá tò sórí ìlà kan, ìyẹn nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, wọ́n á pawọ́ pọ̀, òkun á kún gan-an, á sì fà gan-an. Bí òṣùpá bá ku ìlàjì, oòrùn ń fà lápá ibòmíràn, ìkún náà á sì rọlẹ̀.

Atukọ̀_Òkun
Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Èmi tí mò ń tu ọkọ̀, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé ló rí ní gbogbo etíkun.

Wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín ìkún kan sí èkejì, kì í ṣe wákàtí 12 géérégé. Bí Ayé ṣe ń yí, òṣùpá náà ń rìn lọ lójú ọ̀nà tirẹ̀, Ayé sì ní láti lé e bá. Ìdí nìyẹn tí ìkún tòní fi ń pẹ́ ju tàná lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ o. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jìn nínú omi kò lè wọ èbúté tí omi rẹ̀ kò jìn àfi lásìkò ìkún. Ẹni tó bá wọlé láìséwu lánàá, tó ní òun á tún wọlé ní aago kan náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ìfà omi ló máa bá níbẹ̀.

Bí omi ṣe ń ga tó, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òṣùpá nìkan. Láàárín agbami, wíwú náà kì í sábà tó mítà kan. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà lè tó mítà 16! Gígùn àti jíjìn ìyawọ̀ omi yẹn jẹ́ kí omi inú rẹ̀ gba nǹkan bíi wákàtí 12 sí 13 láti lọ kó sì padà fúnra rẹ̀, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ìkún tuntun bá dé láti òkun, ńṣe ló ń bá omi tó ti ń padà bọ̀, ó sì ń tì í síwájú sí i. Ní Òkun Mẹditaréníà, ibi púpọ̀ wà tí ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú. Àwọn ibì kan sì wà, bí apá kan etíkun Gulf of Mexico àti àríwá Vietnam, tó jẹ́ ìkún kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí lójúmọ́. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ẹ sọ fún ọmọ yín pé “ẹ̀ẹ̀mejì” jẹ́ òótọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í ṣe ibi gbogbo.

Àwọn ará Faransé tiẹ̀ ń fi í pa iná mànàmáná. Láti 1966 ni ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́nu odò Rance ti ń ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 240.

Ìmọ́lẹ̀_Alẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Wọ́n ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ara èèyàn ló jẹ́ omi. Bí òṣùpá bá lè gbé òkun sókè, ṣé kò lè ru omi ara wa? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orí àwọn alárùn ọpọlọ máa ń dàrú nígbà òṣùpá àrànmọ́jú.

Tíṣà_Físíìsì
Ìbéèrè rere ni. Ẹ rántí pé ìyàtọ̀ ni. Láti iwájú Ayé dé ẹ̀yìn rẹ̀ ju 12,700 kìlómítà lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ fífà náà tó nǹkan. Láti orí èèyàn dé àtẹ́lẹsẹ̀ kò pé mítà méjì. Àwọn adágún ńlá Àríwá Amẹ́ríkà, tí èèyàn kì í rí òdì kejì wọn, wíwú tí òṣùpá ń fà nínú wọn kò tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kí ló máa wá ṣẹ́ kù fún omi inú ara wa?

Ohun kejì tó yẹ ká bi ara wa ni èyí: bí òṣùpá ṣe ń fà nígbà àrànmọ́jú náà ló ń fà nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀sùn kan oṣù tuntun? Òṣùpá àrànmọ́jú kò fi fífà yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló fi yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ lóru lè dí oorun lọ́wọ́, mi ò jiyàn ìyẹn.

Atukọ̀_Òkun
Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá inú omi ń tẹ̀ lé e lóòótọ́ o. Ní Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, iyùn òkun máa ń tú ẹyin àti àtọ̀ wọn sómi ní alẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, nínú oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja kéékèèké kan sì wà ní etíkun California tí wọ́n ń pè ní grunion. Lóru tí òkun bá kún jù ló ń gun orí iyanrìn lọ yé ẹyin, ẹyin náà á sì wà nínú iyanrìn tútù títí ìkún ńlá mìíràn á fi dé ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kó tó pa.

Baba_Atẹ́gùn
Ẹ ti sọ ti òkun tó. Atẹ́gùn ńkọ́? Ẹni tó dúró sí agbedeméjì ayé, Ayé ń gbé e yí po ní nǹkan bíi 1,670 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sí àríwá tàbí sí gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni eré yẹn ń dín kù, títí tó fi máa tán pátápátá ní ìkángun méjèèjì. Atẹ́gùn tó bá gbéra ní agbedeméjì tó forí lé àríwá, ó gbé eré tirẹ̀ dání, ó sì wá bá ilẹ̀ tí eré rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Yóò ṣáájú ilẹ̀, yóò yà sí ọ̀tún. Ní gúúsù ayé, òsì ló ń yà sí.

Ìdí nìyẹn tí ìjì ńlá orí òkun fi ń pòyì. Ní àríwá ó ń yí lódì sí ọwọ́ aago, ní gúúsù ó ń bá ọwọ́ aago lọ. Láàárín dígírì 5 sí agbedeméjì ayé, irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà lè bẹ̀rẹ̀, torí agbára tó yẹ kó yí i kò tó níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má gba àwọn tó ń sọ pé omi tí ń wọ ihò bésìn náà ń tẹ̀ lé òfin yìí. Bésìn kéré jù. Bí wọ́n ṣe da omi sí i àti bí ihò rẹ̀ ṣe rí ló ń pinnu apá tó máa yí sí.

Nínú gbogbo ẹ̀rí pé Ayé ń yí, ti Foucault, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1851, ó so irin rìbìtì tó wúwo tó kìlógíráàmù 28 mọ́ wáyà oní mítà 67 nínú Panthéon ní Paris, ó jẹ́ kó máa fì. Bí wákàtí ti ń gorí wákàtí, ipa tí irin náà ń fì sí ń yà díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ tí àwọn tó ń wò ó dúró lé ló ń yí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ojú ọ̀run ni èèyàn ní láti wò kó tó lè gbà pé Ayé ń yí. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n lè dúró sínú ilé kí wọ́n rí i.

Ìmọ́lẹ̀_Alẹ́
1,670 kìlómítà! Kí ló dé tí a kì í mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀gbọ́n?

Baba_Atẹ́gùn
Torí eré náà kì í yí padà lójijì, àbúrò. Ara kì í mọ eré, ìgbà tí eré bá pọ̀ sí i tàbí tó dín kù lójijì ló ń mọ̀. Afẹ́fẹ́, ilé, òkun, gbogbo wa la jọ ń lọ.

Awòràwọ̀
Ó ń dín kù o, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójijì. Ẹ rántí wíwú òkun tí Tíṣà sọ. Ayé ń yí kíákíá ju bí òṣùpá ṣe ń yí i ká lọ, nítorí náà Ayé ń wọ́ wíwú yẹn ṣáájú òṣùpá díẹ̀. Wíwú tó ṣáájú yẹn ń fa òṣùpá síwájú, òṣùpá ń gun ipa ọ̀nà tó túbọ̀ jìnnà. Òṣùpá náà ń fa wíwú yẹn padà sẹ́yìn, ìyẹn sì ń fa ọwọ́ Ayé sẹ́yìn. Àbájáde rẹ̀ ni pé òṣùpá ń fi sẹ̀ǹtímítà 3.8 jìnnà sí wa lọ́dọọdún. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé àwọn tó lọ sínú òṣùpá, bẹ̀rẹ̀ láti orí Apollo 11 ní 1969, fi dígí sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń tan iná lésà sí dígí wọ̀nyẹn, wọ́n ń ka àkókò tí iná náà fi ń lọ tó fi ń bọ̀.

Ọjọ́ wa sì ń gùn sí i ní nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Àwọn ará Bábílónì kọ ọ́ sílẹ̀ sórí wàláà amọ̀ pé òṣùpá bo oòrùn pátápátá lójú àwọn ní ọdún 136 ṣáájú ìbí Jésù. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé gígùn ọjọ́ kò yí padà rí, òjìji òṣùpá ìbá ti gba ibi tó ju 4,000 kìlómítà lọ sí ìwọ̀-oòrùn Bábílónì. Àwọn akọ̀wé yẹn kò purọ́. Ayé ló ti yí kíákíá ju tòní lọ.

Ti iyùn òkun tún jinlẹ̀ jùyẹn. Iyùn ń fi ìlà tín-ín-rín kan kún ara rẹ̀ lójúmọ́, àwọn ìlà náà sì ń fi ọdún hàn. Ní 1963, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Wells ka ìlà ara iyùn tó ti di òkúta láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 ọdún sẹ́yìn, ó sì rí nǹkan bí ìlà 400 nínú ọdún kan. Ọdún kò gùn ju tiwa lọ nígbà yẹn. Ọjọ́ ló kúrú, nǹkan bíi wákàtí 22.

Olùwádìí_Ilẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, inú mi sì dùn gan-an. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kan ilẹ̀ Áfíríkà wá, torí mo rò pé gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pá tí Ayé fi ń yí kò dúró sójú kan. Orí rẹ̀ ń yí po díẹ̀díẹ̀, ó ń gbà á tó 26,000 ọdún kó tó yí po tán. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé gogoro òkúta ní Íjíbítì, ìràwọ̀ Thuban ló wà nítòsí ojú àríwá, kì í ṣe ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ lónìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé bí ọ̀pá yẹn ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni oṣù tí Ayé ń sún mọ́ oòrùn jù ń yí padà sí ìgbà ooru àríwá, tó tún ń padà sí ìgbà òtútù rẹ̀. Lónìí, oṣù Kìíní ni, bí Awòràwọ̀ ti sọ. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, ìgbà ooru àríwá ló bọ́ sí. Oòrùn wá mú ilẹ̀ àríwá Áfíríkà gbóná ju ti òní lọ, ilẹ̀ gbígbóná yẹn fa atẹ́gùn olómi wọlé láti òkun, òjò sì wọ àárín Sàhárà.

Sàhárà di pápá oko. Láti bí 11,000 sí 5,000 ọdún sẹ́yìn, erinmi àti ọ̀nì ń gbé níbi tó jẹ́ iyanrìn lónìí. Adágún Chad fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ní Tassili n'Ajjer ní Algeria, àwọn èèyàn ya agbo màlúù sára àpáta. Ní Gobero ní ilẹ̀ Niger, àwọn awalẹ̀ rí itẹ́ òkú àwọn apẹja létí adágún tó ti gbẹ. Apẹja, láàárín aṣálẹ̀! Ọ̀pá Ayé yí síwájú, òjò fà sẹ́yìn, àwọn èèyàn náà sì ṣí lọ bá omi.

Milutin Milanković, ará Serbia, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣírò bí àwọn ìyípadà wọ̀nyí ṣe ń darí ìgbà yìnyín ńlá: ìdagẹ̀rẹ̀ Ayé tó ń lọ láàárín dígírì 22.1 àti 24.5 ní nǹkan bí 41,000 ọdún, àti ipa ọ̀nà Ayé tó ń rí roboto tó tún ń rí gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1976 ni àwọn olùwádìí rí ipasẹ̀ àwọn àkókò yẹn gan-an nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun.

Ọ̀rọ̀_Pọ̀
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí Ayé bá ti ń yí ojú ọjọ́ padà fúnra rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ṣé ooru tó ń pọ̀ sí i lóde òní kì í ṣe apá kan rẹ̀ ni?

Olùwádìí_Ilẹ̀
Rárá, iye àkókò ló sì jẹ́rìí sí i. Ìyípadà tí mo sọ ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ooru òde òní kò tíì pé igba ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí ìrìn Ayé ń darí wa sí báyìí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ooru: ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń dín kù, èyí sì yẹ kó máa mú ìgbà ooru àríwá tutù díẹ̀díẹ̀. Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ló ti kúrò ní nǹkan bíi 280 nínú mílíọ̀nù kan ṣáájú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, tó sì ti kọjá 420 báyìí. Èédú, epo àti gáàsì tí à ń jó ló fà á. Kò tọ́ ká gbé e lé Ayé lórí.

Àbẹ̀kẹ́_Ọmọ_Ìwé
Ẹ̀yin ará mi, mo dúpẹ́ gidigidi. Ó ku ọ̀kan. Tíṣà ní bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé, òṣùpá àti oòrùn tò sórí ìlà kan. Kí ló dé tí òṣùpá kì í bo oòrùn lóṣooṣù?

Awòràwọ̀
Torí pé ipa ọ̀nà òṣùpá fi dígírì 5 yà kúrò ní ipa ọ̀nà Ayé. Ní oṣù púpọ̀, ó ń gba òkè oòrùn tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, òjìji rẹ̀ kò sì kàn wá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ipa méjèèjì ń bá oòrùn ṣe wẹ́kú, ìgbà yẹn nìkan ló lè bò ó. Fífẹ̀ oòrùn tó nǹkan bí ìlọ́po 400 ti òṣùpá, ó sì jìnnà tó nǹkan bí ìlọ́po 400, ni wọ́n ṣe dọ́gba lójú wa. Bí òṣùpá ti ń jìnnà lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sí i, tí kò ní lè bò ó tán mọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 2027, òjìji òṣùpá máa gba gúúsù Sípéènì, Mòrókò, Algeria, Tunisia, Líbíà àti Íjíbítì kọjá lọ sí Saudi Arabia. Nítòsí Luxor, òkùnkùn náà máa ju ìṣẹ́jú 6 lọ. Ẹ lo awò tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn, tó ní àmì ISO 12312-2. Awò dúdú lásán kò lè dáàbò bo ojú, kódà bó bá ku bíńtín kó bò ó tán. Ẹni tó bá wà lábẹ́ òjìji náà gan-an lè yọ awò nígbà tí oòrùn bá bò pátápátá, kó sì dá a padà sójú kó tó tún yọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn òjìji náà kò gbọdọ̀ yọ ọ́ rárá.